Káàdì àyẹ̀wò Kòrónà tí èèyàn ń ṣe fúnra rẹ̀: nọ́ńbà ara páálí ò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán

Mo ti lo tó mẹ́sàn-án nínú káàdì yìí, èyí tí wọ́n máa ń ti igi olówùú bọ imú tí wọ́n á wá jókòó máa wo ilà. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é torí oríṣi mẹ́ta ni mo ti lò, gbogbo ẹ̀ náà ló rí bákan náà lójú mi. Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ lẹ fẹ́ kí n fún un, mẹ́ta ààbọ̀ nínú márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìyókù gbà lọ.

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, tó fi máa di àárọ̀ Ìṣẹ́gun ara ti ń gbóná, mo bá tú páálí. Mo ka ìwé inú ẹ̀ látòkè délẹ̀ (lẹ́tà ẹ̀ kéré bí ẹyin iná, mo ní láti ya fọ́tò ẹ̀ kí n fi fóònù fẹ̀ ẹ́), mo fọwọ́, mo ti òwú bọ ihò kan, mo yí i po lẹ́ẹ̀márùn-ún, mo ṣe ihò kejì, omi ti ń dà lójú mi pòròpòrò, mo pò ó mọ́ omi inú ike kékeré yẹn, mo fún un, mo kán ẹ̀kán mẹ́rin sójú káàdì, mo wá ní kí fóònù bá mi ka ìṣẹ́jú 15. Ilà C, èyí tó yẹ kó máa jáde nígbà gbogbo, jáde, ó pọ́n dáadáa. Ibi T, níbi tí ilà máa ń yọ sí téèyàn bá ní àrùn, funfun báláú. Nẹ́gétíìfù! Ara tù mí, mo lọ jókòó ti màmá mi, a fọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀ di alẹ́ pátápátá.

Ọjọ́bọ̀ ni mo tún ṣe òmíràn torí ara mi ò balẹ̀. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé T ti yọ, ó tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ dúdú ju C lọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta màmá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n kàn wò mí báyìí, wọ́n ní, "Ṣebí káàdì ní o ò ní nǹkan kan?" Kí lèèyàn fẹ́ fèsì? Ara wọn ti yá ṣá, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n padà lọ gbé páálí yẹn, ká jọ wo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ dáadáa.

Ara páálí sọ pé ó péye ju 95% lọ. Péye lórí kí ni? Nọ́ńbà méjì ló yẹ kéèyàn béèrè, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ wò ó bí ajá tí wọ́n fi ń ṣọ́lé. Tí olè mẹ́wàá bá wọlé, mélòó ni ajá máa gbó mọ́? Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sensitivity. Tí àlejò rere mẹ́wàá bá wọlé, mélòó ni kò ní gbó mọ́? Ìyẹn ni specificity. Ajá tó ń gbó mọ́ gbogbo ẹni tó kọjá, kò sí olè tó máa jẹ́ kó wọlé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fetí sí i mọ́. Èyí tó ń sùn lójoojúmọ́ náà ò ní gbó mọ́ àlejò kankan láé. Nítorí náà tẹ́nì kan bá kàn fún yín ní "95%" lásán, ẹ bi í pé ti olè ni àbí ti àlejò.

Káàdì yìí, ní ti àlejò, mo gbà fún un, ó dáa gan-an. Cochrane, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí tó máa ń kó ìwádìí ìlera jọ yẹ̀ wò, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2022, nínú àwọn tí kò ní àrùn, káàdì dákẹ́ fún ohun tó ju 99% lọ. Ti olè ni wàhálà wà. Nínú àwọn tó ní àrùn tí àmì ẹ̀ ti ń hàn lára wọn, bíi 73% ló mú. Àwọn tí àmì kankan ò hàn lára wọn, bíi 55%, ìyẹn ni pé ó fẹ́ẹ̀ dà bíi kéèyàn ju kọ́ìnì sókè. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọwọ́ ẹ̀ dáa jù, bíi 81%, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì ó já sí bíi 54%. Báwo ni ti ara páálí wá ṣe lé ní 95%? Mo rí i nínú ìwé, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn tí àìsàn wọn ò tíì ju ọjọ́ méje lọ nìkan ni wọ́n fi dán an wò. Ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì kún imú fọ́fọ́ nìyẹn! Olè tó gbé iná dání tó ń kọrin wọlé ni wọ́n fi dán ajá wò. Wọn ò purọ́ o, ṣùgbọ́n èmi tí mo ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí olè tèmi má tíì tan iná.

Iye èèyàn tí wọ́n fi dán an wò náà ṣe pàtàkì, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó. Ká ní aláìsàn 30 ni wọ́n lò, káàdì mú 29, wọ́n á kọ 97% gàdàgbà síwájú páálí. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú èèyàn 30 péré, òótọ́ ibẹ̀ lè wà níbikíbi láti bíi 83% títí dé 99%. Ìyẹn yàtọ̀ púpọ̀.

Adájọ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá káàdì gbà tàbí kò gbà ni PCR, àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe ní lábù. Òun máa ń sọ ẹyọ ohun kékeré inú fáírọ́ọ̀sì di ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì, títí á fi pọ̀ tó kí ẹ̀rọ rí i, ìyẹn ló fi lágbára. Ṣùgbọ́n agbára yẹn náà lẹ̀bi tiẹ̀, ó lè mú òkú fáírọ́ọ̀sì tó kù sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ara ti yá. Ó ṣe àbúrò mi bẹ́ẹ̀: ara ẹ̀ le koko, káàdì ní kò sí, PCR ní ó wà. Nínú ìwádìí, wọ́n á kọ ọ́ pé káàdì ṣàṣìṣe. Ṣé ó ṣàṣìṣe lóòótọ́? Tó bá jẹ́ pé ẹni tó lè kó o ran ẹlòmíì là ń wá, èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ilà méjì kan náà ò ní ìtumọ̀ kan náà nígbà gbogbo. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ pé káàdì ò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù ni 80% fún olè, 97% fún àlejò. Ẹ mú èèyàn 1,000, ká ní àrùn ò pọ̀ níta, 10 ló ní i. Káàdì máa mú 8. Nínú 990 tó kù, ó máa gbó lásán mọ́ bíi 30. Èèyàn 38 ló máa rí ilà méjì, 8 péré ló ní i! Ẹ wá jẹ́ kí àrùn gbilẹ̀, kí 200 ní i: á mú 160, á gbó lásán mọ́ 24, nínú 184 tó rí ilà méjì bíi 87% ló ní i lóòótọ́. Káàdì kan náà o, kò sí nǹkan tó yí padà lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì, 40 ló yọ́ kọjá, tó túmọ̀ sí pé bíi ẹnì kan nínú ogún tí wọ́n sọ fún pé kò ní i ló ní i. Èmi wà nínú ogójì yẹn.

Ohun míì tó bí mi nínú: ilà C. Gbogbo wa rò pé tí C bá ti jáde, àyẹ̀wò náà ti dáa nìyẹn. Rárá o. Ohun tí C ń sọ kò ju pé omi ti ṣàn dé òkè káàdì. Bí òwú yín ò bá kan imú rárá, C á ṣì jáde ní tiẹ̀. Ẹni tó fi òwú kan ẹnu ihò imú fẹ́ẹ́rẹ́ torí ó ń bẹ̀rù, nẹ́gétíìfù ló máa rí, á sì máa yọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó wò ó, mo gbàgbé ọ̀kan sórí tábìlì fún bíi wákàtí méjì, mo padà bá ilà T kan tó dà bí òjìji, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, mo yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, àyà mi ń já. Omi tó gbẹ lásán ni. Àti pé 2°C sí 30°C ni wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀, ẹ yéé fi í sínú mọ́tò nínú oòrùn.

Ìràwọ̀ kan ni mo yọ nítorí lẹ́tà kékeré ìsàlẹ̀ yẹn, mo yọ ààbọ̀ nítorí C. Màá ṣì máa rà á torí kò sí nǹkan míì tó lè fún mi lésì ní ìṣẹ́jú 15, tí T bá yọ nígbà tí ara ń ro mí, mo gbà á lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá yọ, mo ń ṣe bí FDA Amẹ́ríkà (àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀) ṣe ní kí wọ́n máa ṣe láti 2022: ẹni tí àmì hàn lára ẹ̀ á tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 48, ẹni tí àmì ò hàn lára ẹ̀ á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wákàtí 48 láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá mi tiẹ̀ ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ báyìí. Mo wúkọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi káàdì hàn wọ́n, ilà kan péré, wọn ò tiẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n kàn ní kí n lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó dọ̀túnla.