Láti Inú Kafka sí ClickHouse: Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́ta fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Yan Ọ̀kan

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí dátà máa ṣàn láti inú Kafka (ètò tí ń gba ìfiránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ètò mìíràn, tí ó sì ń tọ́jú wọn fún ẹni tí yóò kà wọ́n) lọ sínú àká dátà ìtúpalẹ̀ bíi ClickHouse yóò tètè rí i pé ìyára ni àwọn olùtajà máa ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀ wọn. Ìyára ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyíkéyìí nínú àwọn ọ̀nà tí mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín ló yára tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sí ara wọn ni ọjọ́ tí nǹkan bá dàrú: nígbà tí sáfà bá kú láàárín iṣẹ́, nígbà tí ìfiránṣẹ́ kan bá dé tí kò ṣeé kà, tàbí nígbà tí àká dátà bá dákẹ́ fún wákàtí kan gbáko. Bí irinṣẹ́ náà yóò ṣe hùwà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń fi owó rà, orí rẹ̀ sì ni mo gbé ìfiwéra yìí kà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo yàn. Èkínní ni Kafka table engine, tí ó wà nínú ClickHouse fúnra rẹ̀. Èkejì ni connector (ohun ìsopọ̀) tí àwọn oní-ClickHouse ṣe fún Kafka Connect, ètò tí ń gbé dátà wọ Kafka tàbí jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ClickPipes, tí ClickHouse Cloud ń bójú tó fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ìdí tí a fi nílò ohun kan láàárín wọn

LinkedIn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Kafka kí wọ́n tó ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2011. Ó máa ń kọ ìfiránṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀léra-tẹ̀léra bí wọ́n ṣe ń dé. Ó pín topic (ẹ̀ka ìfiránṣẹ́) kọ̀ọ̀kan sí ìpín tí à ń pè ní partition, ó sì fún ìfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú partition ní nọ́ńbà tí à ń pè ní offset. Ẹni tí ó ń kà á ni yóò máa sọ ibi tí òun kà dé, kíkà kò sì pa ohunkóhun rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ọjọ́ 7 ni Kafka máa ń tọ́jú ìfiránṣẹ́ kí ó tó pa á rẹ́. Ìtọ́jú yìí ni ààbò yín àkọ́kọ́, nítorí pé bí ohunkóhun bá bàjẹ́ níbi tí dátà ń lọ, ẹ lè padà sẹ́yìn kí ẹ tún un kà. Àwọn tí wọ́n ń lo queue àtijọ́ ti RabbitMQ, ètò ìfiránṣẹ́ mìíràn, kò ní àǹfààní yìí, torí pé ìfiránṣẹ́ ti lọ ní kété tí olùgbà bá ti jẹ́wọ́ pé òun ti rí i gbà.

Ní ti ClickHouse, tí Yandex ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2016, òpó-òpó ni ó ń to dátà, kì í ṣe ìlà-ìlà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi INSERT kan ránṣẹ́ sí i ni ó ń dá part (ìdì fáìlì dátà) tuntun sílẹ̀ lórí dísìkì, tí yóò sì máa da àwọn kéékèèké pọ̀ di ńlá ní abẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kó ìlà kọ̀ọ̀kan wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, iye part yóò pọ̀ ju ohun tí ó lè dà pọ̀ lọ. Ní àwọn ẹ̀dà àìpẹ́ yìí, bí part tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú partition kan ṣoṣo (ìpín tábìlì ClickHouse, kì í ṣe ti Kafka) bá ti kọjá 1,000, ClickHouse yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìkówọlé dúró díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kọjá 3,000, yóò kọ̀ pátápátá pẹ̀lú àṣìṣe tí gbogbo àwọn tí ń lò ó mọ̀, «Too many parts». Ìmọ̀ràn àwọn tí ó ṣe é ni pé kí ìdì kan má dín ní ìlà 1,000, pé ó sì sàn kí ó wà láàárín 10,000 sí 100,000.

Kafka ń fúnni ní ìfiránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kán wọlé, ClickHouse sì fẹ́ gbà wọ́n ní ìdì ńlá. Ẹni tí ó bá dúró láàárín àwọn méjèèjì ni yóò di ìdì náà, òun náà ni yóò sì mọ ibi tí a kà dé.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń di ìdì, àti ibi tí owó rẹ̀ wà

Kafka table engine kò béèrè sáfà mìíràn. Ẹ ó ṣe tábìlì kan tí ó dúró fún topic, ẹ ó ṣe tábìlì MergeTree (irú tábìlì ClickHouse tí ń da part pọ̀) tí dátà yóò máa gbé, ẹ ó sì fi materialized view, ìbéèrè tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí dátà tí ń wọlé, so wọ́n pọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ClickHouse fúnra rẹ̀ ni yóò máa lọ kó ìfiránṣẹ́ wá. Yóò tú ìdì kan sílẹ̀ nígbà tí ó bá kún tàbí lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 7.5, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ètò yìí bọ́gbọ́n mu láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò yí ohunkóhun padà náà yóò rí ìdì tí ó dára. Àmọ́ iṣẹ́ kíka JSON (ọ̀nà tí a sábà fi ń kọ dátà sínú ìfiránṣẹ́) àti yíyí i padà ń lo CPU àti mẹ́mọ́rì sáfà kan náà tí ń dáhùn ìbéèrè àwọn olùtúpalẹ̀ yín. Owó tí ẹ rò pé ẹ kò san, inú ìfàsẹ́yìn àwọn ìbéèrè yẹn ni ẹ ó ti rí i nígbà tí dátà bá pọ̀. Consumer (ohun tí ń ka ìfiránṣẹ́ láti inú Kafka) kan ṣoṣo ni ó ń kà fún tábìlì kan bí ẹ kò bá gbé iye kafka_num_consumers ga, kò sì wúlò láti mú un ju iye partition lọ.

Kafka Connect ti wà pẹ̀lú Kafka láti ẹ̀dà 0.9 ní 2015. Ó ní àwọn sáfà tirẹ̀, ẹ sì ń fi REST, àṣẹ tí a ń fi ránṣẹ́ lórí HTTP, darí wọn. Èyí túmọ̀ sí pé iṣẹ́ kíka kúrò lórí ClickHouse, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń tọ́jú Java, bí a ti ń ṣe àtúnṣe ẹ̀dà, àti ohun tí a ń ṣe nígbà tí àwọn worker (àwọn sáfà Connect náà) bá ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Sọ́fútíwíà náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó oṣù ẹni tí yóò bójú tó o kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí ń rà kì í sábà gbọ́ kí ó tó rà. Ìwọ̀n tí consumer Kafka ń kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, max.poll.records, jẹ́ 500 bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Connector tí a gbé kalẹ̀ láìyí èyí padà lè máa fi ìdì tí kò ju ìlà 500 lọ ránṣẹ́ sí ClickHouse láìdúró, kí «Too many parts» sì yọjú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ gbé e ga, kí ẹ sì gbé fetch.min.bytes ga pẹ̀lú rẹ̀, nítorí báìtì 1 péré ni ó ń dúró dè bí ẹ kò bá yí i padà. Àyípadà méjì yìí ṣe pàtàkì ju fífi sáfà kún sáfà lọ.

ClickPipes ni ó rọrùn jù láti gbé kalẹ̀. Lójú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti yan orísun, ìbáà jẹ́ Confluent Cloud, Amazon MSK, Redpanda tàbí Azure Event Hubs, ẹ ó sì yan tábìlì tí dátà yóò wọ̀. Lórí ClickHouse Cloud nìkan ni ó wà, nítorí náà ẹni tí ó ń gbé ClickHouse sórí sáfà tirẹ̀ kò ní í rí i lò. Owó rẹ̀ ní apá méjì: ti wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́, àti ti ìwọ̀n dátà tí ó kọjá. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ṣírò ìwọ̀n dátà yín ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù lọ, kí ẹ sì fi owó tí kíláùdì ń gbà fún dátà tí ń kọjá láti agbègbè kan sí òmíràn kún un.

Bí ìfiránṣẹ́ burúkú kan bá dé

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ìfiránṣẹ́ JSON kan tí a gé kù, tí àmì tí ó yẹ kí ó pa á dé kò sí. Ìfiránṣẹ́ méjì tí kò lábùkù wà níwájú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mìíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́dọ̀ Kafka table engine, bí ẹ kò bá ṣètò ohunkóhun, kíkà yóò kùnà, offset kò ní sún síwájú, ClickHouse yóò sì padà wá ka ìfiránṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò tún kùnà. Ẹgbẹ̀rún tí ó wà lẹ́yìn yóò máa dúró. Àwọn kan máa ń sáré lọ sí kafka_skip_broken_messages láti fò ó, ṣùgbọ́n dátà tí a fò láìkọ ọ́ síbì kankan ti sọnù nìyẹn, n kò sì lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí ẹ fi kafka_handle_error_mode sí «stream». Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìfiránṣẹ́ náà yóò wà nínú òpó _raw_message, ìdí tí kò fi ṣeé kà yóò wà nínú _error, ẹ ó sì fi materialized view kejì kó àwọn méjèèjì lọ sí tábìlì tí a yà sọ́tọ̀.

Kafka Connect yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò sì fi hàn pé ó ti kùnà, títí ẹnìkan yóò fi wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fi errors.tolerance sí «all» tí ẹ sì dárúkọ topic fún dead letter queue (ibi tí a ń kó ìfiránṣẹ́ tí kò ṣeé kà sí), ìfiránṣẹ́ náà yóò lọ síbẹ̀, àwọn tókù yóò sì kọjá. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ètò yìí ni pé inú Kafka ni ìfiránṣẹ́ burúkú náà ṣì wà, tí ẹ lè tún un ṣe kí ẹ sì dá a padà sí ojú ọ̀nà. Ẹ má ṣe kọ «all» láìdárúkọ topic náà o, nítorí fífò ni ìyẹn pẹ̀lú.

ClickPipes máa ń dá tábìlì àṣìṣe sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín, tí orúkọ rẹ̀ parí sí _clickpipes_error, láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Àṣìṣe kì í pẹ́ títí níbẹ̀, ọjọ́ 7 ni, nítorí náà ẹ fi ìkìlọ̀ sórí rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìlọ́po, àti ìgbà tí ó ń pani lára

Ẹ ro ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí irinṣẹ́ bá ti kó ìlà 50,000 wọ ClickHouse, tí ó wá kú kí ó tó sọ fún Kafka pé òun ti kà á. Bí ó bá jí, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò padà sí, ìlà 50,000 náà sì lè wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Kafka table engine àti ClickPipes jọ ṣe ìlérí kan náà: ìfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò dé, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan. Connector ti Kafka Connect nìkan nínú àwọn mẹ́ta ni ó lè ṣe ìlérí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò dé, nípa títọ́jú ibi tí ó kà dé sínú tábìlì KeeperMap nínú ClickHouse, èyí tí dátà rẹ̀ wà nínú Keeper, ètò tí ń mú àwọn sáfà ClickHouse wà ní ìṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n «false» ni exactlyOnce, ètò tí ń tan ìlérí yìí, wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tan án kò ní in. Kafka table engine náà ti ní irú kan láti ẹ̀dà 24.8 tí ó ń tọ́jú offset sínú Keeper, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìdánwò ni wọ́n ṣe gbé e jáde.

Ṣé ó wá yẹ kí gbogbo ènìyàn sáré lọ sí Kafka Connect nítorí èyí? N kò rò bẹ́ẹ̀. Bí ìfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní ìdánimọ̀ tirẹ̀, ẹ lè fi tábìlì ReplacingMergeTree gbà á, kí ẹ fi ìdánimọ̀ náà sínú ORDER BY, yóò sì yọ ìlọ́po kúrò bí ó bá ń da part pọ̀. Kí ó tó dà wọ́n pọ̀, ẹ lè kọ FINAL sínú ìbéèrè, bí ó tilẹ̀ ń mú kí ìbéèrè náà wúwo díẹ̀. Fún àkọsílẹ̀ sáfà tàbí títẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń tẹ ojú ìwé, èyí tó.

Ọ̀ràn yí padà bí ẹ bá ní materialized view mìíràn tí ń ro àpapọ̀ lórí dátà tí ń wọlé, bóyá iye owó tí a san ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń kó o sínú SummingMergeTree, irú tábìlì tí ń ro nọ́ńbà pọ̀. Ìgbà ìkówọlé gan-an ni irú view bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kì í dúró de ìgbà tí ReplacingMergeTree bá yọ ìlọ́po. Owó tí ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì ti di àpapọ̀, tábìlì àkọ́kọ́ yóò sì mọ́ tónítóní nígbà tí àpapọ̀ yóò máa purọ́ títí tí ẹ ó fi tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá rí báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ nílò, ẹ sì san ohun tí ó bá gbà.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ kan tí ó ń tọ́jú Kafka àti ClickHouse pọ̀, tí topic rẹ̀ kò pọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Kafka table engine. Ilé iṣẹ́ tí ó ti ní Kafka Connect lọ́wọ́, tàbí tí ń ro àpapọ̀ owó bí mo ti sọ lókè, kí ó lo connector, kí ó sì tan exactlyOnce. Ẹni tí ó wà lórí ClickHouse Cloud tí kò sì ní òṣìṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ sáfà, kí ó gba ClickPipes láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó lọ títí.

Ìgbà tí ó yẹ kí ẹ wo ibòmíràn

Apache Druid, àká dátà ìtúpalẹ̀ mìíràn, kò nílò agbedeméjì rárá: ó ń ka Kafka fúnra rẹ̀, ó sì ń fi offset àti dátà lélẹ̀ nínú ìdúnàádúrà kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ìlọ́po kì í ti ibẹ̀ wá. Àmọ́ ó ní oríṣiríṣi ẹ̀rọ láti gbé dìde, pẹ̀lú àká ìpamọ́ jíjìn àti àkọsílẹ̀ metadata lóde, iṣẹ́ ńlá sì ni fún ẹgbẹ́ kékeré. Apache Pinot, àká dátà irú bẹ́ẹ̀ tí ó ti LinkedIn wá bíi Kafka, ni mo máa yàn bí ìlà bá ń yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí upsert rẹ̀ ń fi ti tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ń béèrè pé kí gbogbo ìfiránṣẹ́ tí ó ní kọ́kọ́rọ́ kan náà wà nínú partition kan náà, èyí tí ẹni tí ń kọ sínú Kafka gbọ́dọ̀ ti ṣètò tẹ́lẹ̀.

Èyíkéyìí tí ó bá wù yín, ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi ìfiránṣẹ́ kan tí a gé kù sáàárín àwọn tí ó dára, ẹ pa irinṣẹ́ náà lójijì nígbà tí ó bá ń kó dátà wọlé, kí ẹ sì dá ClickHouse dúró fún wákàtí kan kí ẹ lè wo bí yóò ṣe lé ohun tí ó ti ṣẹ́ jọ bá. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ offset àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkẹyìn, ẹ fi 1 kún un fún partition kọ̀ọ̀kan, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi wé iye ìlà tí ó wà nínú tábìlì àti nínú ibi tí ẹ ya àṣìṣe sí. Topic tí a ń lo compaction (pípa ìfiránṣẹ́ àtijọ́ tí ó ní kọ́kọ́rọ́ kan náà rẹ́) tàbí transaction (kíkọ àwọn ìfiránṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan) fún kò ní bá ìṣirò yìí mu, nítorí pé àlàfo máa ń wà láàárín àwọn offset rẹ̀, nítorí náà ẹ lo topic lásán fún ìdánwò náà.