Mo ti ṣe ẹ̀wù ní Tiruppur lẹ́ẹ̀mejì: ìdí aró ni kí ẹ lọ jókòó sí

Tíṣáàtì ni mo ń tà ní Peckham, ní London: ti ọmọdé, ti ẹgbẹ́ akọrin, ti ìdílé tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí bàbá wọn, tí wọ́n sì fẹ́ kí tọmọ tọmọ-ọmọ wọ ohun kan náà. Ọwọ́ àwọn alátùntà ni mo ti ń ra ẹ̀wù tẹ́lẹ̀ kí n tó tẹ àwòrán sí i, owó wọn kì í sì í jẹ́ kí n rí èrè gidi. Ìyẹn ló gbé mi dé Tiruppur, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà. Ọjà àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbẹ̀ dùn mí wọra. Èkejì dára débi pé mo ti ń múra ẹ̀kẹta. Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀. Ẹni tí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí lè má ní ju ogójì ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ó máa ra òwú lọ́wọ́ ilé ìranwú, á gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá tí í hun aṣọ ní róbótó, aṣọ á ti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aláró, aláró á gbé e fún ẹni tí yóò fi ooru tẹ̀ ẹ́ kí ó lè ki, ẹ̀yìn èyí ni yóò tó padà wá fún gígé àti rírán. Bọ́tìnì, àmì ọrùn, iṣẹ́ abẹ́rẹ́, olúkúlùkù ló ní ilé tirẹ̀. Ọkọ̀ kéékèèké ló ń kó ìdì aṣọ kiri láàárín wọn láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Sínglẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní baniyan, ni ìlú náà fi bẹ̀rẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni oníbàárà láti Ítálì dé, tí ọjà òkè òkun wá di iṣẹ́ ìlú. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹ bá ilé iṣẹ́ kan ṣòwò, àdúgbò kan lódindi lẹ bá ṣe é.

Èmi ò mọ èyí ní ọdún 2024. Orí fóònù ni èmi àti ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti parí ọ̀rọ̀, n kò sì ní dárúkọ wọn. Àwòṣe tí wọ́n fi ránṣẹ́ dára gan-an. Rúpì 170 ni wọ́n ní kí n san lórí ẹ̀wù kan, mo sì san ìdajì owó ẹ̀wù 600 sílẹ̀. Nígbà tí páálí dé, rírán rẹ̀ kò lábùkù: ọrùn jókòó, apá dọ́gba, okùn kankan kò yọ. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni búlúù náà. Mo gbé ẹ̀wù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú fèrèsé, ọ̀kan pọ́n ju èkejì lọ. Mo fọ mẹ́ta, wọ́n súnkì, ojú rírán tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì lọ́ wá sí iwájú ikùn. Ìdílé kan ti sanwó 80 nínú ẹ̀wù yẹn fún àádọ́rin ọdún ìyá wọn. Mo dá owó padà, mo sì lọ bẹ Màmá fúnra wọn nílé. Wọ́n gbàdúrà fún mi, ìyẹn ló tún wá dùn mí jù.

Èmi tí wọ́n bí sídìí ìkòkò aró ní Ìtokú, l'Ábẹ́òkúta, n kò béèrè ọ̀rọ̀ aró! Màmá mi kì í gbà kí a fi aṣọ tó ti inú ìkòkò méjì jáde dì pọ̀ fún oníbàárà kan. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí mi: ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pa aṣọ mi láró, wọ́n sì gé e papọ̀. Aṣọ náà kò sì ki dáadáa kí wọ́n tó gé e.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Coimbatore, mo sì gba ojú títì dé Tiruppur, nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà. Ilé iṣẹ́ mìíràn ni mo lọ bá, èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú Tiruppur Exporters' Association, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ọjà sókè òkun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Obìnrin tó ń darí iṣẹ́ níbẹ̀, akka ni gbogbo èèyàn ń pè é, bí àwa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní kó mú mi lọ sọ́dọ̀ aláró kó tó fi rírán hàn mí. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú mi lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti yé mi. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Gíga Madras, ti ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, pàṣẹ pé kí wọ́n ti àwọn ilé aláró Tiruppur pa, nítorí omi wọn ti ba odò Noyyal jẹ́, ó sì ti ba oko àwọn àgbẹ̀ jẹ́ títí dé ibi tí wọ́n ti sé odò náà ní Orathupalayam. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí padà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìdọ̀tí kankan kán sódò mọ́: ó ní láti sẹ́ omi náà, kí ó yọ iyọ̀ inú rẹ̀, kí ó sì tún un lò. Iyọ̀ pọ̀ nínú aró òwú, yíyọ rẹ̀ sì ń jẹ iná mànàmáná púpọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá bu iye tó kéré jù fún yín, ìdí aró ló ti máa gé owó rẹ̀ kù. Akka bu 215 fún mi. Mo san án láìyọwó, nítorí àwọn àgbẹ̀ yẹn pẹ̀lú.

Mo ra irinṣẹ́ róbótó kékeré kan tí wọ́n fi ń gé aṣọ wọ̀n. Ohun tó bá gé jẹ́ ìdá kan nínú 100 aṣọ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Bí ó bá wọn gíráàmù 1.8, aṣọ tó wọn gíráàmù 180 ní mítà kan níbùú lóròó nìyẹn. Mo gé e ní ibi mẹ́ta lára aṣọ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n mú lára aṣọ tí wọ́n ti fi ooru tẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gé ìyókù, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ìgbà tí wọ́n pa á láró sára páálí. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ láìkùn.

Ẹ̀wù 300 péré ni mo ní kí wọ́n ṣe fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbà. Ìdí ni pé oṣù kẹjọ ni Amẹ́ríkà gbé owó ibodè ọjà Íńdíà dé ìdá 50 nínú 100, iṣẹ́ sì ti já lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti yọ máàkì lára wọn, àkókò. Deepavali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, bọ́ sí 20 oṣù kẹwàá, àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti ìpínlẹ̀ Bihar àti Odisha gba ilé lọ, iṣẹ́ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́. Bí ẹ bá ń ṣe ọjà, ẹ ṣírò ọdún yẹn mọ́ ọn, kí ẹ sì ṣírò Pongal, ọdún ìkórè wọn ti oṣù kìíní, pẹ̀lú.

Ẹ béèrè ibi tí òwú ti wá. Àwọn ilé ìranwú kan ní Tamil Nadu ti máa ń gba àwọn ọmọdébìnrin sílé fún bí ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú ìlérí owó ìgbéyàwó tí wọn yóò gbà lẹ́yìn rẹ̀. Sumangali ni wọ́n ń pè é, ìyà inú rẹ̀ sì pọ̀. Mo béèrè, akka fi ìwé ọjà ilé ìranwú rẹ̀ hàn mí, ó sì mú mi débẹ̀.

Fún ẹni tí kò lówó ọjà tuntun, Khaderpet wà, ọjà kan ní Tiruppur níbi tí wọ́n ti ń ta àjẹkù ọjà òkè òkun. Mo bá àwọn ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀wù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yẹ tiyín wò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí páálí dé London, mo tú gbogbo rẹ̀, mo sì fọ márùn-ún. Búlúù kan náà ni, ojú rírán dúró sí ẹ̀gbẹ́. Màmá ti ń lọ sí 71. Ẹ̀wù 80 tiwọn ni mo kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, n kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn.