Messiah mẹ́ta nínú pálọ̀ wa ní Kúbwà: èwo ni kí ẹ rà?

Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń gbọ́ Messiah nílé, orin ńlá tí Handel kọ nípa Jésù fún kọ́yà àti ohun èlò, rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí báàsì ni mò ń kọ nínú kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, a fẹ́ ṣe é ní Kérésì, ọ̀gá kọ́yà wá ní kí kálukú wá èyí tó máa máa gbọ́ kó tó wá sí ríhásà. Owó mi ni mo fi ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ, torí náà ohun tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó. Handel fi ọjọ́ 24 péré kọ orin yìí ní 1741, Dublin ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní April 1742, àmọ́ kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, gbogbo ìgbà tó bá tún fẹ́ ṣe é ló máa ń yí ibì kan padà kó lè bá ohùn àwọn olórin tó wà nílẹ̀ mu. Tí ẹ bá gbọ́ sópránò tó ń kọ ohun tí báàsì tiyín máa ń kọ, ẹ má rò pé wọ́n ṣì í kọ, ẹ̀dà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ni èyí tí Colin Davis darí pẹ̀lú London Symphony Orchestra, 1966. Ẹni tó bá ń kọ́ pátì ẹ̀ lọ́wọ́, èyí ni kó rà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohùn ẹ̀ bá kíbọ́ọ̀dù mu, ẹ lè di ìwé sol-fa yín mú kí ẹ sì máa bá wọn kọ ọ́ lọ. Kó tó dìgbà yẹn, èrò rẹpẹtẹ ló máa ń kọ Messiah nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á fà á, á wúwo bí ẹrù, Davis wá dín èrò kù, ó jẹ́ kí orin náà rìn. Nínú "For unto us a child is born", ibi tí a ti ń sáré lórí "born" yẹn tó máa ń pa gbogbo báàsì wa lẹ́ẹ̀mí, mo gbọ́ gbogbo ìró ẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan, mo sì fi í sílẹ̀ kó máa tún ara ẹ̀ kọ títí ìyàwó mi fi mọ pátì báàsì náà sórí. John Shirley-Quirk ló kọ sólò báàsì, tó bá dé "The trumpet shall sound", ìyẹn "ìpè yóò dún" inú Kọ́ríńtì, ó dúró ṣinṣin, kò pariwo, gbogbo ọ̀rọ̀ ló yé èèyàn. Àléébù tí mo rí ò ju pé tí ẹ bá fi íyápíìsì gbọ́ ọ lóru, ẹ máa gbọ́ ìró "ṣìì" kékeré ti téèpù àtijọ́ lábẹ́ ibi tó bá ti rọlẹ̀. Kò dí mi lọ́wọ́.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù wá ni ti Christopher Hogwood, Academy of Ancient Music, tó jáde ní 1980. Ẹ̀dà ti 1754 ni wọ́n lò, èyí tí Handel ṣe fún Foundling Hospital ní London, ilé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n gbé sọnù, ìwé ìnáwó ọjọ́ yẹn ṣì wà dòní tó sọ àwọn tó lù àti àwọn tó kọ. Àwọn ọmọkùnrin kéékèèké kọ́yà Christ Church ní Oxford ló ń kọ sópránò kọ́rọ́ọ̀sì. Ọkàn mi máa ń rọ̀ tí mo bá rántí irú àwọn ọmọ tí wọ́n torí wọn kọ ọ́ nígbà yẹn, tí mo tún wá ń gbọ́ ohùn ọmọdé níbẹ̀. Okùn tí wọ́n fi ìfun ẹran ṣe ló wà lára fayolíìnì wọn, kì í ṣe irin, ìró ẹ̀ á máa ha díẹ̀ bíi ti gòjé àwọn Hausa, kì í dán bíi ti òde òní, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Emma Kirkby àti Judith Nelson, àwọn obìnrin tó kọ sólò sópránò, tún wà níbẹ̀, ohùn wọn tọ́ gbọọrọ, kì í gbọ̀n.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin kọ́yà. Ohun èlò irú ti ayé Handel ni wọ́n lò, nóòtì A tiwọn wà ní bíi 415 hertz, ti kíbọ́ọ̀dù wa jẹ́ 440, ìyẹn ni pé tiwọn rẹlẹ̀ díẹ̀. Halleluyah tó wà ní D, C♯ lẹ máa gbọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bá wọn tẹ̀ ẹ́ mo rò pé kíbọ́ọ̀dù mi ti bàjẹ́. Ẹ tẹ transpose sí −1, ó parí. Ẹ má ṣe fi í kọ́ pátì yín ṣá, áńtì kan nínú áltò wa fi í kọ́ tiẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tó dé ríhásà gbogbo nǹkan ga jù fún un.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù Hogwood yìí rọlẹ̀ púpọ̀ láwọn ibì kan, tí nẹ́pà bá ti mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá sì ń ké lẹ́yìn fèrèsé, "Pifa", ibi tí ohun èlò nìkan ti ń dún láìsí ẹni tó ń kọrin, á pòórá pátápátá, tí ẹ bá wá gbé spíkà sókè torí ẹ̀, "Glory to God" á ta gbogbo ilé jí. "Pifa" yẹn kọ́ ló yẹ kí èèyàn pàdánù. Orin fèrè àwọn olùṣọ́ àgùntàn ilẹ̀ Ítálì ni Handel ń fara wé, àwọn tó máa ń ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ wá sí Róòmù nígbà Kérésì, èmi tí mò ń rí àwọn Fúlàní tó ń da màlúù kọjá nínú ọyẹ́, orin yẹn ò ṣàjèjì sí mi rárá. Agogo mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń gbọ́ ọ báyìí, nígbà tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ bá ti kú.

Ti Thomas Beecham ló kù, Royal Philharmonic, 1959. Eugene Goossens ló tún ohun èlò ẹ̀ tò, ó fi trombone àti kímbálì kún un, Halleluyah ibẹ̀ dà bí ìgbà tí ọba ń wọ̀lú. Jon Vickers kọ ténọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ohùn ńlá. Jẹnẹrétọ̀ kankan ò lè bò ó. Ọjọ́ àjọ̀dún nìkan ni mo máa ń fi sí i, torí tó bá ti pé wákàtí kan ó máa ń rẹ̀ mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba èyí tí wọ́n fún pọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp. Mo gba ọ̀kan rí, ìró harpsichord ẹ̀, irú dùùrù àtijọ́ kan, ti di bí omi tó ń hó. Kí ẹ sì wo áàpù tí ẹ fi ń gbọ́ ọ: èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan láàárín orin méjì, ibi tí áńgẹ́lì ti ń sọ̀rọ̀ tí ogun ọ̀run sì bú sí "Glory to God" lójijì, wọn ò gbọ́dọ̀ dákẹ́ níbẹ̀. "Gapless" ni wọ́n ń pè é nínú setting, ẹ tàn án. Èmi ò mọ̀ ọ́n fún bí oṣù kan, ọjọ́ tí mo tàn án tí orin náà já wọra wọn, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe họ́múwọ̀kì gbórí sókè, ó ní dádì, ẹ padà sẹ́yìn kí n tún un gbọ́.