Ṣàńdílíà kírísítà tí mo gbé kọ́ sí pálọ̀ mi: ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó

Ọlọ́wọ́ mẹ́jọ ni ṣàńdílíà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 30, gíláàsì K9 ni kírísítà ara rẹ̀, irin tí wọ́n fi àwọ̀ góòlù bò sì ni egungun rẹ̀. Ọjà Alaba ní Ọ̀jọ́ ni mo ti rà á, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta iná fáńsì. Ọlọ́jà kọ́kọ́ pe ₦400,000, a nájà títí a fi já a sí ₦265,000. Ó ti lo ọyẹ́ àti òjò lókè pálọ̀ wa ní Ìkòròdú báyìí, ojú mi ti dá wàyí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé gílóòbù rẹ̀ ṣeé yọ, ó ṣeé pààrọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra tiẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ wò kó tó wo dídán.

Nítorí pé dídán kò wọ́n ní Alaba. Bí èèyàn bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù báyìí, ojú á fọ́: ogún ṣàńdílíà á máa tàn lẹ́ẹ̀kan náà, dígí á wà lára ògiri, èyí tó kéré jù á máa kọ mànà. Mo ní kí ọlọ́jà pa gbogbo ìyókù, kó ṣẹ́ èyí tí mo ń wò nìkan kù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Háà, Mọ́mì, ẹ̀yin náà wá lónìí o.” Ṣùgbọ́n ó pa á. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo ti fọkàn yàn ni kò jọ mí lójú mọ́ nígbà tó ku àwọn nìkan. Bí yóò ṣe rí nílé nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó máa gbé ogún kọ́ sí pálọ̀ ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò le. Pálọ̀ wa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16, ó fẹ̀ ní 14. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì fi íǹṣì pe iye tó bá jáde; ibẹ̀ ni fífẹ̀ ṣàńdílíà tó bá yàrá mu máa ń wà, bí mo ṣe dé orí 30 nìyẹn. Sílìn wa ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Ìdí iná náà kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ilẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ níbi tí èèyàn ń gbà kọjá (ẹni tó wé gèlè ńkọ́?), nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà 3 péré ló kù fún ṣéènì àti ara iná fúnra rẹ̀. Àwọn tó gùn gbọọrọ, tó ń ṣàn bọ̀ wálẹ̀, ilé tí àárín rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá gbé e sí fúláàtì, bíbẹ̀rẹ̀ ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ kọjá nínú ilé ara rẹ̀.

Ó wá kan kírísítà. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní kírísítà ní ọjà, rọ́bà ni. Mo ní kí ọlọ́jà já ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún mi lára èyí tó kù tí mo ń wò, mo sì fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gíláàsì tutù, ó sì tẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Rọ́bà kò tutù, ó fúyẹ́. Bí ẹ bá fi gíláàsì méjì kan ara wọn, wọ́n á dún woro. Rọ́bà á dún kọ̀. Lẹ́yìn náà mo fi èékánná tọ igun rẹ̀. Kírísítà tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé tí wọ́n sì dán dáadáa, igun rẹ̀ máa ń mú, ojú kọ̀ọ̀kan á tẹ́jú pẹrẹsẹ. Èyí tí wọ́n kàn yọ́ dà sínú ohun ìdàṣe, ìbáà jẹ́ rọ́bà ìbáà jẹ́ gíláàsì, igun rẹ̀ á rọ̀, ẹ ó sì rí ìlà tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí abala méjèèjì ti pàdé. Èyí tó gbẹ̀yìn ni tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ẹ tàn án sí i kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sára ògiri funfun. Èyí tó dáa á tú u sí pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, búlúù. Èyí tí kò dáa, àmì funfun lásán lẹ ó rí.

Mi ò bú rọ́bà o. Bí sílìn yín kò bá lágbára, tàbí tí owó kò bá tó, rọ́bà fúyẹ́, kò sì rọrùn láti fọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ bá nù ún lẹ ó máa họ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀, bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún, á máa pọ́n bí eyín amutábà.

Orúkọ tí wọ́n ń pè mọ́ ọn ńkọ́? Ọlọ́jà kan á ní “Swarovski” ni, òmíràn á ní “Egypt” ni. Ilé iṣẹ́ Austria ni Swarovski, Wattens ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1895. Ti Egypt tí wọ́n ń wí ni Asfour, tó wà ní agbègbè Cairo. Àmọ́ páálí tí mo yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, Guzhen ní Zhongshan, lápá gúúsù Ṣáínà, ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé nínú iná ṣíṣe. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó burú ni kí èèyàn san owó Austria lórí rẹ̀.

K9 ni ọlọ́jà tèmi pè é, òótọ́ ló sì sọ. Irú gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́ńsì ni, kò ní òjé nínú. Kírísítà Yúróòpù àtijọ́ ní òjé, ọgbọ́n tí George Ravenscroft gba ìwé àṣẹ lé lórí ní London ní 1674. Òjé yẹn ló ń jẹ́ kí gíláàsì tú ìmọ́lẹ̀ ju gíláàsì lásán lọ. Òfin Yúróòpù ti ọdún 1969 tiẹ̀ ní kí wọ́n má pe nǹkan ní kírísítà olójé àfi bí òjé inú rẹ̀ bá tó ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. K9 kò lè tàn tó ìyẹn. Ní pálọ̀ tèmi, ojú mi kò rí ìyàtọ̀ náà. Ìyàtọ̀ owó ni mo rí, ó sì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, ìyẹn gílóòbù.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ra èyí tó ní òrùka mẹ́ta tó gun ara wọn, tí LED lẹ̀ mọ́ inú òrùka, tí rìmóòtù sì ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná ọba dé, iná náà sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Òrùka kan kú, èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Dráífà ló jó, àpótí kékeré tó ń sọ iná ọba di èyí tí LED lè gbà. Oníṣẹ́ iná wá irú rẹ̀ káàkiri, kò rí èyí tó bá a mu. Wọ́n padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún wọn, onítọ̀hún ní kí wọ́n kúkú ra òmíràn. Odidi ṣàńdílíà, kírísítà rẹ̀ pé, irin rẹ̀ ń dán, ó di ohun ẹ̀ṣọ́ tí kì í tàn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tú u sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi sọ fún ọlọ́jà tèmi láti ẹnu ọ̀nà pé mi ò fẹ́ ohun tó ní rìmóòtù.

Tèmi, E14 ni ẹnu gílóòbù rẹ̀, tó tín-ín-rín ju ẹnu gílóòbù ilé lọ. Ọkùnrin tó ń ta nǹkan iná ládùúgbò wa ń tà á. Bí iná bá ga tó bá jó ẹyọ kan, mo yọ ọ́, mo fi òmíràn sí i, ó parí. Àwọn kan ń lo G9, gílóòbù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Òun náà ṣeé pààrọ̀, àmọ́ kì í sí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ẹ bèèrè ládùúgbò yín kí ẹ tó sanwó.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ní Alaba ni pé gílóòbù gan-an ló ń sọ kírísítà di kírísítà. Àwọn tó bá a wá nínú páálí, gíláàsì wọn rí bíi mílíìkì, ìmọ́lẹ̀ wọn funfun báláú, 6500K (nọ́ńbà àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ nìyẹn; bó bá ṣe ń kéré sí i ni ìmọ́lẹ̀ á máa pọ́n sí i). A tàn án, pálọ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n kírísítà kàn dúró síbẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú gíláàsì mílíìkì kọjá ti fọ́n ká kó tó dé ara kírísítà, kò wá sí ohun tí yóò tú mọ́. Mo pààrọ̀ wọn sí LED olókùn, èyí tí okùn iná tín-ín-rín ń hàn nínú rẹ̀, tí gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara, 3000K. Ojú ẹsẹ̀ ni òṣùmàrè kéékèèké bọ́ sára ògiri. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn dìde lórí àga, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rò pé òun máa rí wọn mú.

Ti owó iná, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ 40W mẹ́jọ jẹ́ 320W. LED 5W mẹ́jọ jẹ́ 40W. Tí a bá tàn án fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, ní ₦225 fún yúníìtì kan tí wọ́n gbé àwọn tó wà ní Band A sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ti àkọ́kọ́ á gba ₦360 lálẹ́ kan, ti ìkejì á gba ₦45. Ínfátà wa kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà lókè.

Gbígbé e kọ́ ńkọ́? POP kò lè gbé e, ẹ má dá ẹnikẹ́ni tó bá ní ó lè gbé e lóhùn. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí tèmi pé kílò 14 ni. Bàbá tó ń bá wa ṣe iná gba ojú ihò POP wo òkè, wọ́n rí húùkù fáànù tí wọ́n ti sin mọ́ dẹ́kìn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé. Wọn ò gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé garawa ọ̀dà 20 lítà tó kún, èyí tó wúwo ju ṣàńdílíà lọ dáadáa, wọ́n fi okùn so ó mọ́ húùkù, a sì tẹ́ fóòmù àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Bó bá máa já, ọ̀dà ni kó dànù.” Kò já. Ilé tí kò ní dẹ́kìn lókè, kí káfíńtà gun inú àjà, kó fi igi 2×4 dábùú láàárín igi òrùlé méjì, kí húùkù onírin sì gba inú igi náà já, kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é lókè. Ẹ tún wò ó pé wọ́n lo wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, wáyà ilẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ iná kan máa ń gé e dànù, irin sì ni gbogbo ara nǹkan yìí.

Egungun nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ́, a tan iná wò, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í so kírísítà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ló wà. Ìbọ̀wọ́ òwú ni a wọ̀, torí ìka tó bá kàn án á hàn nígbà tí iná bá tàn. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó gbà wá ní ọ̀sán odindi, owó rẹ̀ sì yàtọ̀ sí owó ọjà. Kírísítà mẹ́ta ló ti fọ́ nínú páálí, méjì péré sì ni àfikún tí wọ́n fi sí i. Ọ̀kan ṣófo lápá ẹ̀yìn, èmi nìkan ló mọ ibẹ̀. Ẹ ka àfikún kírísítà lójú ọlọ́jà, kí ẹ sì bèèrè ìdìpọ̀ kan sí i nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ohun tí mo lòdì sí jù ni àwọ̀ góòlù rẹ̀. Ọlọ́jà ní irin tí kì í dípẹtà ni. Òòfà tí mo mú dání lẹ̀ mọ́ ọn gírígírí, mo sì fi ìyẹn já owó kúrò lórí rẹ̀. Òótọ́ ni òòfà sọ: àwọn ìkọ́ wẹ́wẹ́ tó di kírísítà mú ti ń pọ́n báyìí, ọ̀rinrin Èkó kò mọ ẹni tó ń ṣọge.

Eruku ọyẹ́ máa ń bò ó débi tí òṣùmàrè á fi lọ. Mo máa ń pa iná rẹ̀ láti ojú bírékà, mo máa ń jẹ́ kí gílóòbù tutù, mo wá ń fi aṣọ rírọ̀ tó ní ọ̀rinrin díẹ̀ nù ún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: omi ìdá mẹ́ta, sípíríìtì ìdá kan. Mi ò jẹ́ fọ́n nǹkan sí i lára bó ṣe wà lókè, torí ó máa ń ṣàn wọ ẹnu gílóòbù, ó sì ń jẹ àwọ̀ irin. Ti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ tún yàtọ̀. Èsúnsún á rọ́ wá síbi iná, ìyẹ́ wọn á kún inú àwọn àwo kéékèèké tó wà lábẹ́ gílóòbù, burọ́ọ̀ṣì ìkunlé ni mo fi ń gbá a jáde. Bí fèrèsé yín kò bá ní nẹ́ẹ̀tì, ẹ kúkú ra irú èyí tí ẹnu gílóòbù rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀.