NMR orí tábìlì (60 MHz) fún ìsopọ̀ N–F: ó tó, bí iná yín bá dúró

Ẹ̀ka kẹ́mísìrì tó bá wà l'Òṣogbo, tó fẹ́ wo bí náítírójìn ṣe di flúórìn mú, kò nílò òòfà ńlá tó ń mu hílíọ́ọ̀mù. NMR ti orí tábìlì, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà àti ìgbì rédíò yẹ átọ́ọ̀mù inú mólékù wò, ká iṣẹ́ náà. Gbogbo flúórìn inú ayé ni ¹⁹F, 56.4 MHz ló sì ti ń dáhùn nínú ẹ̀rọ yìí. J (àlàfo tí átọ́ọ̀mù kan ń dá sáàárín àwọn ìlà èkejì) tó wà láàárín ¹⁹F àti ¹⁴N nínú NF₃ tó bíi 155 Hz, ti NF₄⁺ tó bíi 230 Hz. Ẹ̀rọ tó lè ya ìlà 1 Hz sọ́tọ̀ kò ní ṣe wàhálà níbẹ̀.

Ìrísí ìlà ló dùn jù láti wò. NF₄⁺ máa ń fún wa ní ìlà mẹ́ta tó mú ṣáṣá, tó sì dọ́gba, torí flúórìn mẹ́rin yí náítírójìn ká lọ́gbọọgba. Ti NF₃ nípọn díẹ̀, bí ẹ bá sì mú un tutù, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wọnú ara wọn: mólékù tí kò yára yí mọ́ ń jẹ́ kí ¹⁴N tètè gbàgbé ipò rẹ̀. Nítorí náà, àìlètutù ẹ̀rọ kékeré kì í ṣe àdánù níhìn-ín.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ètò tí wọ́n ti tò sínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àárín ibi tí ẹ̀rọ ń wò máa ń wà ní nǹkan bíi −100 ppm (òṣùwọ̀n ipò ìlà), bẹ́ẹ̀ NF₃ wà ní bíi +145, NF₄⁺ ní bíi +220. Ìlà tó bá bọ́ síta ibi tí ẹ̀rọ ń wò yóò ká padà, á jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ fi àárín sí +40, ẹ fẹ̀ ẹ́ tó 450 ppm, ẹ lo pulse (ìgbì rédíò kúkúrú) 30°. Bí ìlà kan bá ń kọ yín lóminú, ẹ sún àárín ní 20 ppm. Èyí tó bá yí ppm rẹ̀ padà, irọ́ ni.

Fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi sílíńdà NF₃ sílẹ̀. Selectfluor (iyọ̀ tó ní ìsopọ̀ N–F) 30 mg nínú 0.6 mL D₂O (omi wúwo) tó: N–F wà ní bíi +48, BF₄⁻ inú iyọ̀ kan náà ní bíi −151, ìwọ̀n 1 sí 8. Bí N–F bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ ní àkókò ìsinmi sí i láàárín pulse kan sí èkejì kẹ́ ẹ tó dá Selectfluor lẹ́bi. Iyọ̀ NF₄⁺ nínú HF tí kò lómi ń jẹ gíláàsì. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ túùbù lásán.

Òòfà náà ń gbé nínú ooru kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ó tutù, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó padà sípò, kẹ́ ẹ tún wá ṣe shim (títún agbára òòfà tò kó dọ́gba). Ẹ so ínfátà mọ́ òòfà fúnra rẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan. Ní ti ¹⁵N, tí kò ju 0.37% náítírójìn lọ, ẹ má ra ẹ̀rọ yìí nítorí rẹ̀.