Wilson 1000 olóòfà: áńtẹ́nà CB fún ọkọ̀ tó ń ná Àbújá sí Kánò

Ẹni tó bá fẹ́ lo rédíò CB (èyí tí awakọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà) nínú ọkọ̀, áńtẹ́nà ni kó kọ́kọ́ náwó lé. Wáàtì 4 náà ni rédíò CB tó bófin mu ń tú jáde lórí AM, ì báà wọ́n, ì báà má wọ́n. Ọwọ́ áńtẹ́nà ló kù sí bóyá ẹni tó ti ṣíwájú yín lọ́nà Kàdúná yóò gbọ́ yín. Fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, Wilson 1000 olóòfà la fọwọ́ sí.

CB bẹ̀rẹ̀ láti 26.965 MHz (ṣánẹ́ẹ̀lì 1) dé 27.405 MHz (ṣánẹ́ẹ̀lì 40). Ìgbì rẹ̀ gùn tó mítà 11, ìdámẹ́rin rẹ̀ ló sì yẹ kí áńtẹ́nà gùn tó, ìyẹn bíi mítà 2.6 sí 2.7. Ọ̀pá irin oní-íǹṣì 102 gùn tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí áńtẹ́nà kúkúrú tó lè bá a dọ́gba. Àmọ́ lórí òrùlé Corolla, yóò máa gbá páànù ilé epo kiri. Báńpà Hilux ló yẹ ẹ́, ibẹ̀ náà la sì ti lè gbóríyìn fún un ju Wilson lọ. Ọ̀pá Wilson 1000 gùn tó nǹkan bí íǹṣì 62, kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé) tó wà nísàlẹ̀ ló ń dí èyí tó kù. Ẹ má ra àwọn tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ: bí ọ̀pá bá ṣe ń kúrú, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó ń di ooru nínú kọ́ìlì ń pọ̀ sí i, ṣánẹ́ẹ̀lì tó bá a lára mu sì ń dín kù. Nọ́ńbà wáàtì ńláńlá tí wọ́n kọ sára páálí kò kan ẹni tó ń lo wáàtì 4.

Òòfà ò lè mú òrùlé gíláàsì tàbí álúmíníọ̀mù. Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ tí wọ́n fi pọ́tì kún òrùlé rẹ̀: òòfà ò ní dì í mú dáadáa, áńtẹ́nà náà ò sì ní rí irin òrùlé lò bó ṣe yẹ. Ọ̀dà fẹ́lẹ́ lásán kò ṣe nǹkan kan, ẹ má wulẹ̀ ha á. Àárín gbùngbùn òrùlé ni kí ẹ gbé e sí, kí ohùn lè lọ káàkiri lọ́gbọọgba. Ẹ gba wáyà kọjá níbi rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí irin má fún un pa.

Ẹ má gbára lé etí láti mọ̀ bóyá ọ̀pá ti gùn tó. Ẹ wá mítà SWR (èyí tó ń fi hàn bí agbára tó ń ta padà láti áńtẹ́nà ṣe pọ̀ tó), ẹ fi wáyà kúkúrú oní-50 ohm so ó sáàárín rédíò àti áńtẹ́nà. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi gbalasa, kó jìnnà sí ògiri àti kọ̀ǹténà, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn. Lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 1, ẹ yí mítà sí FWD, ẹ tẹ bọ́tìnnì máìkì láìsọ̀rọ̀, ẹ yí CAL títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé SET, kí ẹ wá yí i sí REF, kí ẹ ka nọ́ńbà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lórí 20 àti 40.

Bí ti 40 bá ga ju ti 1 lọ, ọ̀pá ti gùn jù. Bí ti 1 bá ga jù, ó kúrú. Ẹ fi Allen key tú síkírù tó wà nídìí ọ̀pá, ẹ tì í wọlé tàbí kí ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ fún un, ẹ tún wọ̀n ọ́n, títí 1 àti 40 yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Abẹ́ 1.5 dára gan-an, 2 ṣì ṣeé lò. Bó bá kọjá 3, ẹ má sọ̀rọ̀ rárá, rédíò lè jó. Bí ọ̀pá bá wọlé tán tó ṣì gùn, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti gé e, ìdámẹ́rin íǹṣì lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ayùn irin. Irin yẹn le, yóò ba pílíà jẹ́.

Bí nọ́ńbà bá ga lórí gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì, ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ̀pá. PL-259, ìyẹn orí wáyà tó wọ inú rédíò, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: fọ́nrán wáyà ìta kan ṣoṣo tó bá kan píìnì àárín ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí tẹ́sítà bá ní píìnì àti ara ìta kan ara wọn, ẹ má tíì dá wáyà lẹ́bi, torí ọ̀pọ̀ áńtẹ́nà tó ní kọ́ìlì nísàlẹ̀ ń fi bẹ́ẹ̀ hàn nígbà tára rẹ̀ dá ṣáṣá. Wáyà tómi wọ̀ ló burú jù, torí ó lè mú SWR wálẹ̀ dáadáa nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń jẹ agbára náà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ NCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, bóyá ẹ nílò ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá gbà á, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Nígbà ọyẹ́, eruku gbígbẹ tó ń gbá ọ̀pá ń kó iná sí i lára, iná náà á máa jò láti ṣóńṣó orí rẹ̀, á sì máa pariwo ṣááṣáá nínú rédíò. Bọ́ọ̀lù kékeré tó máa ń wà lórí ọ̀pá ló ń dín ìyẹn kù. Bó bá jábọ́, ẹ fi òmíràn síbẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ká òòfà kúrò, ẹ fi aṣọ tútù nu abẹ́ rẹ̀ àti òrùlé kí ẹ tó dá a padà, torí eruku tó há síbẹ̀ ló ń ha ọ̀dà.