Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Ọdẹ Tí Ẹ Ń Ki Ọta Fúnra Yín: Ẹ Má Ra Ìgò Ẹ̀tù Tí Wọ́n Ti Ṣí

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń dẹ àgbọ̀nrín ní Texas, tí ẹ sì ń fọwọ́ ara yín ki ọta ráífù, mo kọ ìkìlọ̀ yìí nítorí ọkùnrin kan tó ń pàtẹ ní ọjà ìbọn òpin ọ̀sẹ̀ lápá Houston. Ẹ̀tù ló ń tà, nínú ìgò oníwọ̀n pọ́n-ùn kan tí àlẹ̀mọ́ ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ dín sí ti sọ́ọ̀bù. Ohun tó ń sọ fún oníbàárà ni pé ẹrù ọdẹ àgbà kan tó ti dolóògbé ni, àti pé àwọn ọmọ olóògbé ló ní kí òun bá àwọn tà á.

Ọ̀rẹ́ mi kan ra ìgò H4350, irú ẹ̀tù ráífù kan, lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mọ bí ẹ̀tù yìí ti ṣọ̀wọ́n tó láti nǹkan bí ọdún 2020, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé ojú kán an nígbà tó rí i. Nígbà tí a ṣí i nílé mi, èdìdì ẹnu ìgò ti ya, wọ́n sì ti fi nǹkan ha nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fi ń dá ẹ̀tù tí wọ́n pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ̀. Mo da díẹ̀ sórí bébà funfun lábẹ́ iná. H4350 jẹ́ ẹ̀tù gbọọrọ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n láàárín èyí tí mo dà sílẹ̀ ni róbótó kéékèèké wà tó ń dán, tó sì ń yí lọ sí etí bébà bí mo ṣe ń gbé e sókè. Ẹ̀tù mìíràn ni wọ́n ti dà pọ̀ mọ́ ọn.

Ìwé ìwọ̀n, èyí tó ń sọ iye ẹ̀tù tí a ó fi sínú ọta kọ̀ọ̀kan, ni gbogbo iṣẹ́ ọta kíki dúró lé. A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ tí ìwé là kalẹ̀, èyí tó sábà máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ìwọ̀n tó ga jù. A ó wá máa fi ìdajì gíréènì (ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ẹ̀tù) kún un díẹ̀díẹ̀, a ó máa wo ojú práímà, ohun tó ń tanná sí ẹ̀tù ní ìdí ọta, bóyá ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, a ó sì máa kíyè sí i bóyá apá tí a fi ń ṣí ìdí ìbọn ti ń le. Gbogbo ìṣọ́ra yìí di asán bí ohun tó wà nínú ìgò kò bá jẹ́ ohun tí àlẹ̀mọ́ ń sọ. Ààlà tí SAAMI, àjọ tó ń fi òdiwọ̀n ìbọn àti ọta lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ fún agbára ìfúnpá inú ọta ráífù .30-06 jẹ́ 60,000 psi (pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan), bẹ́ẹ̀ táyà ọkọ̀ wa kò ju nǹkan bí 35 lọ, ojú ẹni tó ń yìnbọn ló sì sún mọ́ ibẹ̀ jù.

Àwọn kan á ní kí a kàn yin ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ wò. Rárá o. Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀tù ráífù tó ń jó díẹ̀díẹ̀ lè ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n tó ga jù fún ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ tó ń yára jó. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ojú á rí ìyàtọ̀, nítorí H4350, IMR 4350 àti Accurate 4350 jọ jẹ́ ẹ̀tù gbọọrọ tó ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ lo ìwọ̀n ọ̀kan fún èkejì. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ dá ìgò náà padà. Ọkùnrin náà ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà.

Àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò nira láti mọ̀. Owó ìdajì, Zelle tàbí Bitcoin nìkan, àti ìlérí pé USPS ni yóò gbé e wá: USPS kì í gba ẹ̀tù tàbí práímà rárá, ẹni tó bá sì ń tà á lótìítọ́ yóò gba owó ẹrù eléwu lọ́wọ́ yín.

Ẹni tó bá ti ra irú ìgò bẹ́ẹ̀, kó má dà á sí ihò omi tàbí inú gárawa ìdọ̀tí. Kó fọ́n ọn tínrín sórí koríko, yóò ṣe ajílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ki lára rẹ̀ sínú idẹ (ike ọta), ẹ má ṣe yìn ín: ẹ fi òòlù tí a fi ń gbọn orí ọta yọ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì da ẹ̀tù inú wọn nù pẹ̀lú ìyókù.